Ṣé Ó Yẹ Ká Yọ Afẹ́fẹ́ Nínú Táyà Nígbà Tí Oòrùn Bá Mú?

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí ọ̀dà ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí agbada àkàrà, ìmọ̀ràn kan wà tí ẹ máa gbọ́ ní gbogbo ibùdókọ̀: "Oòrùn ti le o, ẹ yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà yín kó má baà bẹ́ lọ́nà." Awakọ̀ á sọ fún awakọ̀, fọ́kanáísà á sọ fún oníbàárà, bàbá á sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó sì dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ṣebí a kọ́ ọ níléèwé pé afẹ́fẹ́ máa ń wú tó bá gbóná? Ṣebí bàlúùnù tí a bá fẹ́ jù ló ń bẹ́?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn yìí dojú ọ̀rọ̀ kodò. Táyà kì í ṣe bàlúùnù. Táyà tí kò ní ìṣòro kankan lè gba ju 100 psi lọ kó tó bẹ́, bẹ́ẹ̀ 30 sí 35 psi ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń lò. Ohun tó sábà máa ń bẹ́ táyà lórí eré ni afẹ́fẹ́ tó kéré jù. Ẹni tó bá sì yọ afẹ́fẹ́ nítorí oòrùn ti fọwọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ ewu tó ń sá fún.

Táyà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Táyà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ yín, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ àpò líle tí wọ́n fi rọ́bà, okùn àti wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di afẹ́fẹ́ yẹn mú. Ẹ yọ gbogbo afẹ́fẹ́ náà, ẹ máa rí i bí ríìmù ṣe máa jókòó sílẹ̀ gbì.

Ìṣirò rẹ̀ ò le rárá. Ọkọ̀ bíi Corolla tí èèyàn méjì wà nínú rẹ̀ lè wúwo tó 1,300 kg. Tí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, táyà kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan bíi 325 kg. Tí géèjì bá sọ pé 32 psi ló wà nínú táyà, ohun tó ń sọ ni pé gbogbo ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn àti sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú lè gbé nǹkan bíi 2.25 kg. Ẹ fi 2.25 pín 325, ẹ máa rí nǹkan bíi 144. Ìyẹn ni pé ibi tí táyà kan fi kan ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 144 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọwọ́ àgbàlagbà kan tí a tẹ́ sórí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka pọ̀.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹ̀yin, ẹbí yín àti ẹrù yín, lórí eré 100 km ní wákàtí kan, ohun tó so yín mọ́ ilẹ̀ ò ju ọwọ́ mẹ́rin lọ.

Tí afẹ́fẹ́ bá wá dín kù sí 20 psi ńkọ́? Ẹrù ò dín kù. Táyà á tẹ̀, á sì fẹ̀ sílẹ̀ títí ibi tó fi kan ilẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 230. Lójú, ó lè dà bíi pé ìyẹn dáa, pé ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú dáadáa. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń jìyà ẹ̀.

Wáyà hángà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn

Ẹ wá wáyà hángà kan nílé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, kíákíá, bí ìgbà ogún. Kó tó kán, ẹ rọra fi ìka kàn án níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbóná. Kò sí iná, kò sí oòrùn, títẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ló di ooru.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí táyà. Tí apá kan lára rẹ̀ bá kan ilẹ̀, á tẹ̀. Tó bá kúrò nílẹ̀, á nà padà. Táyà 195/65R15, tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ kékeré, máa ń rìn nǹkan bíi mítà 2 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí eré 100 km ní wákàtí kan, ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ń yí nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ẹ bá ka ìrìn náà sí 120 km, gbogbo ibi lára táyà yẹn á ti tẹ̀, á sì ti nà ní nǹkan bí ìgbà 60,000.

Tí afẹ́fẹ́ bá pé, títẹ̀ yẹn kéré, ooru tó ń jáde ò pọ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì gbé e lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, táyà á máa tẹ̀ jù, ooru á máa pọ̀ sí i, rọ́bà ò sì jẹ́ kí ooru tètè jáde. Inú táyà ló ń dúró sí, pàápàá ní èjìká rẹ̀, níbi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́.

Ẹ tún rántí pé táyà kì í ṣe ẹyọ rọ́bà kan gbọnrangandan. Ìpele ìpele ni: rọ́bà, okùn, wáyà irin, rọ́bà míì, gbogbo wọn lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Tí ooru bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìpele yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ara wọn. Nígbà míì ẹ máa rí ibi tó wú bí oówo lára táyà. Nígbà míì ẹ ò ní rí nǹkan kan, títí tí ojú táyà á fi ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà tàbí tó máa fi bẹ́ gbàù.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa sọ pé táyà "kàn ṣàdédé bẹ́". Àwa náà mọ̀ pé tí táyà bá bẹ́, ẹnì kan á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ẹlòmíì á ní àwọn ará abúlé ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ohun tó bẹ́ ní ọ̀sán Sátidé lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí a ń gbé ọkọ̀ rìn pẹ̀lú 20 psi tí kò sẹ́ni tó fi géèjì wò ó.

Orúkọ fọ́kanáísà gan-an ń rán wa létí ọ̀rọ̀ ooru yìí. Ní 1839, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé tí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, á le, á sì lágbára. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti àgbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. Ògún tiwọn nìyẹn. Iná tó sọ rọ́bà di alágbára yìí kan náà ló ń bà á jẹ́ tí a bá jẹ́ kó padà wọ inú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kéde pé kí wọ́n dá táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà. Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ ọkọ̀ Ford Explorer. Ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, ọkọ̀ á sì dojú dé. Ó lé ní 200 èèyàn tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé wọ́n bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀. Àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe àwọn táyà kan. Àmọ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí ni iye afẹ́fẹ́: 26 psi ni Ford ní kí àwọn èèyàn máa lò, iye tó kéré fún ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá tún jò díẹ̀, tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí ẹrù pọ̀, tí eré sì ga, táyà tó ti ní àléébù ò lè rù ú là. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ní kí ọkọ̀ tuntun máa ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tí afẹ́fẹ́ táyà bá lọ sílẹ̀. Iná kékeré yẹn tó máa ń tàn níwájú awakọ̀, tó rí bíi bàtà ẹṣin tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Tó bá tàn nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù bò ó.

Oòrùn wá ńkọ́?

Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń ga sí i tó bá gbóná. Ká sọ pé ẹ wọn táyà yín láàárọ̀, 27°C ni ojú ọjọ́ wà, géèjì sì ka 32 psi. Lẹ́yìn tí ẹ ti sáré wákàtí kan lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbóná dé 57°C. Géèjì á ka nǹkan bíi 37 psi. Ìyẹn ò burú rárá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé á ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti kà á mọ́ ọn kí wọ́n tó sọ pé 32 ni kí ẹ fi sí i nígbà tí táyà tutù.

Ẹ wò ó wàyí. Ẹnì kan dúró ní Ògèrè, ó rí 37, àyà rẹ̀ já, ó yọ afẹ́fẹ́ títí ó fi di 32. Nígbà tí táyà yẹn bá tutù lálẹ́, nǹkan bíi 28 psi ló máa kù. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ fi kún un pé táyà tí kò lu rárá máa ń pàdánù nǹkan bíi 1 sí 2 psi lóṣù fúnra rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀, láìsí ariwo, ọkọ̀ ti ń sáré lórí 22.

Oòrùn ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o. Ọ̀dà gbígbóná máa ń fi ooru kún ooru. Àmọ́ táyà tó ti ń se ara rẹ̀ nínú látàrí afẹ́fẹ́ tó kéré ni oòrùn ń parí iṣẹ́ lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ fẹ́ táyà rẹ̀ dé 50 nítorí ohun tí mo sọ yìí. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí àárín táyà nìkan kan ilẹ̀, ibẹ̀ á tètè jẹ, ọkọ̀ á máa fò, bíréèkì ò sì ní mú dáadáa. Gbogbo kòtò tí ẹ bá kó sí á di ẹ̀ṣẹ́ lára táyà.

Níbo lẹ ti máa rí iye tó yẹ?

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn máa ń pa mọ́. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ iye psi tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn ń fẹ́, àti iye tó ń fẹ́ tí ẹrù bá kún. Tí kò bá sí mọ́, ẹ wo ìwé ọkọ̀ náà. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ "MAX" sí, kọ́ ni kí ẹ lò. Ìyẹn ni òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Táyà òde òní máa ń tẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ bó tilẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tó pé, ojú ò sì lè mọ 24 yàtọ̀ sí 32. Fífi ẹsẹ̀ ta á tàbí fífi irin kàn án, àṣà lásán ni. Ẹ ra géèjì tiyín. Ó kéré, ó wọ pọ́kẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà. Mi ò ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà yín, àwọn ló ń gbà wá lójú ọ̀nà. Àmọ́ géèjì tó ti ṣubú ní ìgbà ogún, tó ti rí òjò, tó ti rí oòrùn, lè má sọ òtítọ́ mọ́. Tí tiyín bá wà, ẹ máa mọ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Kí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán, àti kí ẹ tó rin ìrìn àjò. Ẹ má gbàgbé táyà àfirọ́pò tó wà nínú búùtù.

Òjò náà ń wo afẹ́fẹ́ yín

Àwọn ilà jíjìn tó wà lójú táyà wà níbẹ̀ láti fún omi lọ́nà. Tí wọ́n bá ti jẹ tán, tí táyà ti di apárí, omi ò ríbi gbà mọ́. Á wọ abẹ́ táyà, ọkọ̀ á sì léfòó lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ yí sítíárìn, kò gbọ́. Ẹ tẹ bíréèkì, kò mú.

Àwọn onímọ̀ NASA tó ń ṣèwádìí lórí táyà bàálù ní àwọn ọdún 1960 rí i pé eré tí táyà máa ń bá léfòó so mọ́ iye afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Tí a bá lo ìlànà ìṣirò wọn fún táyà tó ti jẹ tán lórí omi tó pọ̀, táyà tó ní 32 psi á léfòó ní nǹkan bíi 94 km ní wákàtí kan. Èyí tó ní 20 psi á léfòó ní nǹkan bíi 74. Afẹ́fẹ́ tó kéré ti jẹ yín ní eré 20 km láìsọ fún yín.

Nílẹ̀ Yúróòpù, tí ilà ojú táyà ò bá jìn tó 1.6 mm mọ́, òfin ò gbà á lójú ọ̀nà. Ẹ ò nílò rúlà. Ẹ wo inú àwọn ilà yẹn, ẹ máa rí rọ́bà kékeré tó ga díẹ̀, lára ọ̀pọ̀ táyà wọ́n máa ń kọ "TWI" sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Tí ojú táyà bá ti jẹ débi tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Táyà máa ń gbó, kódà tí kò bá rìn

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ló kàn. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní nǹkan bí ọdún 2008. Láti ìgbà náà, láti òkè òkun ni táyà wa ti ń wá. Táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wà nínú àkójọ ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní kò gbọ́dọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó kún ojú títì. Ẹni tó ń rà á á tẹ ìka bọ inú ilà ojú rẹ̀, á ní, "Èyí ṣì le."

Ilà jíjìn ò sọ ọjọ́ orí. Rọ́bà máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ látàrí afẹ́fẹ́, oòrùn àti ooru. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po èròjà kan mọ́ rọ́bà tó ń dáàbò bò ó, àmọ́ ìgbà tí táyà bá ń yí ni èròjà yẹn ń jáde sí ojú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, táyà tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọdún mẹ́jọ lè ní ojú tó nípọn, kó sì ti gbẹ nínú bí ẹran gbígbẹ.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tí nọ́ńbà mẹ́ta péré bá wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000, ẹ sá fún un. Tí ẹ ò bá rí i níwájú, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà míì.

Ní Nàìjíríà, àjọ FRSC àti àjọ SON ti ń sọ fún aráàlú pé táyà tó bá ti ju ọdún 4 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ti kọjá àkókò. Michelin ní tirẹ̀ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 5, kí a má sì lò ó kọjá ọdún 10. Pẹ̀lú ooru àti kòtò tiwa, ọ̀dọ̀ FRSC ni kí ẹ fara mọ́.

Ẹrù, eré, àti bí táyà ṣe ń sọ̀rọ̀

Lára táyà 195/65R15 91H, 91 yẹn ń sọ pé táyà kan lè gbé 615 kg, H sì ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 210 km ní wákàtí kan. Àwọn iye yìí wà fún táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Sienna tó kó èèyàn mẹ́wàá pẹ̀lú ìrẹsì àti gààrí lọ sílé ọdún, lórí 22 psi, ti fọ́ àdéhùn yẹn kí ó tó kúrò ní gárééjì.

Bí táyà ṣe jẹ náà ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ kéré jù. Tó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ lọ ṣe alignment. Tó bá jẹ ṣákaṣàka, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ṣọ́ọ̀kì àti balancing. Ẹ máa pààrọ̀ ti iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ní gbogbo 8,000 sí 10,000 km kí wọ́n lè jẹ dọ́gba.

Tó bá bẹ́ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú nínú ìjàǹbá ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. FRSC sọ pé táyà tó bẹ́ àti eré àsápajúdé ló fà á. Ipò ò dí táyà lọ́wọ́.

Tí táyà bá bẹ́ lórí eré, ohun tí ara máa kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe é, torí ó lè yí ọkọ̀ po. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ọkọ̀ máa lọ gbọọrọ. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí eré rẹ̀ máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa ni kí ẹ tó rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ tan iná ìkìlọ̀.

Àmọ́ ibi tó ti rọrùn jù láti gba ẹ̀mí yín là ni iwájú ilé, láàárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ mú géèjì, ẹ wọn táyà márààrún, ẹ ka DOT, ẹ wo ojú táyà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè kọjá lórí ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín lọ́gbẹlẹ̀ yìí pé kí ẹ yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nítorí oòrùn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dé ìdérí ẹnu táyà yín padà.